Nígbà tí Ìràwọ̀ Kẹrin Ṣáájú Aago

Ọjọ́ kẹta tí mo dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n mú mi lọ sí pápá kan tó tẹ́ lọ salalu, tí wọ́n ri òpó irin mọ́lẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, bí igi tí bàbá mi máa ń rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè ní Ìgèdè kí ewé iṣu lè rí nǹkan gùn. Wáyà ló so òpó kan mọ́ èkejì. Ọkùnrin tó mú mi débẹ̀ ní ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ìràwọ̀ nìyẹn. Mo gbójú sókè. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, ìkùukùu ló sì bo gbogbo ojú ọ̀run. Mo bi í pé ìràwọ̀ wo.

Ó ní, "Wọ́n wà níbẹ̀. Ìwọ ni o kò rí wọn."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí, mo sì gbé ẹ̀rín mi mì.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, ní apá ìparí àwọn ọdún 1970. Mo ti kọ́ni ní ìṣirò fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Adó-Èkìtì. Ọkọ mi ti kú. Ó fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi, Mojísọ́lá, tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin ní oṣù tí mo kúrò nílé. Ọ̀dọ̀ yèyé mi ní Ìgèdè ni mo fi í sí. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ni àwọn òyìnbó gbà mí fún. Ọjọ́ tí mo ń lọ, gbogbo ìjọ wa dìde dúró láti gbàdúrà fún mi, olórí ilé-ìwé sì sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa fi mí ṣe àwòkọ́ṣe. Nígbà tí ènìyàn bá gbé irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rù, kò rọrùn fún un láti padà lọ́wọ́ òfo.

Nílé wa ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, bí mo bá jáde lówùúrọ̀, mo lè kí ogún ènìyàn kí n tó dé ilé-ìwé. Ọjọ́ kejì mi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo rí obìnrin àgbàlagbà kan tó ń gbá iwájú ilé rẹ̀. Mo kí i. Mo ti tẹ orúnkún díẹ̀ kí n tó rò ó. Obìnrin náà wò mí, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo dúró lójú títì, mo ń rò ó bóyá òfin kan wà tí mo ti rú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ojú ènìyàn dáadáa kí n tó la ẹnu.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ṣe di aṣọ tí mò ń wọ̀ jáde. Mo bẹ̀rù ẹ̀rọ tó ń mú yàrá mi gbóná nítorí ó ń bú bí ẹranko. Mo bẹ̀rù Mísíìsì Dọ́dì, obìnrin tó ni ilé tí mò ń gbé, nítorí kò pariwo mọ́ mi rí. Ó kàn máa ń fi bébà pélébé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi pé omi gbígbóná ti pọ̀ jù, tàbí pé òórùn ọbẹ̀ ti dé ìsàlẹ̀. Mo bẹ̀rù òǹtẹ̀ tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù mi jùlọ. Ó sọ pé níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ náà nìkan ni mo lè gbé ìlú wọn. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni mo máa ń ṣí i kà, bí ẹni pé ó lè yí padà.

Nǹkan dáadáa náà ń ṣẹlẹ̀. Mo kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn. Èmi tí mo jẹ́ ìyá ọmọ, mo ṣubú nígbà mẹ́fà sínú koríko tútù, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù kẹta mo ń gun kẹ̀kẹ́ láti ilé dé pápá náà, tí atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè mi. Ní oṣù kẹrin, nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí àárín ìlú, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kọ orin ìsìn lédè Yorùbá wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi. Mo yíjú padà, mo kí i. Ó ní níbo ni mò ń gbé. Mo ní, "Ulé mi ò jìnnà sí ibi tí bọ́ọ̀sì yìí ti ń yà."

Ó pàtẹ́wọ́. "Ulé! Ará Èkìtì! Kò tún nílò àlàyé!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ní Ìbàdàn, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo máa ń bínú bí wọ́n bá fi ahọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì yẹn, ó dà bí ẹni pé wọ́n pè mí ní oríkì. Ibùdókọ̀ kẹta ni ọkùnrin náà ti bọ́ọ́lẹ̀, n kò sì rántí bi í léèrè orúkọ rẹ̀.

Ìràwọ̀ tí à ń tọ́pa rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ọmọdé ń kà lójúde. Wọ́n ní òkú ìràwọ̀ ńlá ni, tó ti rún mọ́ra títí tí kò fi fẹ̀ ju ìrìn Adó sí Ìkẹ́rẹ́ lọ, síbẹ̀ tó wúwo ju oòrùn wa. Ó ń yí bí òkòtó. Bó bá ti yí kọjú sí wa lẹ́ẹ̀kan, yóò ta ìró kan ránṣẹ́ tí etí kò lè gbọ́, àfi àwọn òpó irin inú pápá. Tó, tó, tó, láìsinmi. Ìyípo rẹ̀ ń falẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀ níwọ̀n tó ṣeé kà, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè jókòó lónìí kí a sọ ìgbà tí ìró rẹ̀ yóò dé lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé èyí fún mi, ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo sọ nínú ara mi pé, ó dára, ohun kan wà níbí tí kì í yẹ̀.

Iṣẹ́ mi rọrùn láti sọ. Láràárọ̀, mo máa ń fi aago ńlá ilé iṣẹ́ wé àkókò tí rédíò ń lù, mo sì máa ń kọ ìyàtọ̀ wọn sílẹ̀. Bí ìràwọ̀ tí a fún ní nọ́ńbà kẹrin bá wá ń kọjá lókè wa, kálàmù ẹ̀rọ yóò máa ya ìró rẹ̀ sórí bébà. Màá fi rúlà wọn bébà náà, màá kọ ìgbà tó dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbà tó yẹ kó dé, nínú ìwé aláwọ̀ ewé kan. Àwọn ìràwọ̀ yòókù, ẹ̀rọ ló ń lu ihò sí bébà gígùn fún tiwọn, tí a ń kó lọ sí ẹ̀rọ ìṣirò yunifásítì lópin ọ̀sẹ̀. Kẹrin nìkan ni à ń fi ọwọ́ ṣe láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, èmi ni mo sì ń ṣe é.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń gbọ́ ohùn ilé. Túndé àbúrò mi, tó ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Adó, máa ń lọ gbé yèyé wa àti Mojí ní Ìgèdè, wọ́n á wá dúró ní póòsítọ́fíìsì Adó, nítòsí ibi tí wọ́n ń pè ní Fájuyì. Èmi náà á dúró nínú àpótí fóònù tó wà lójú títì, màá sì bẹ àwọn tó ń so fóònù pọ̀ pé kí wọ́n so mí mọ́ Nàìjíríà. Nígbà mìíràn ọ̀nà fóònù kì í là. Nígbà tó bá là, Mojí á sọ pé, "Màámi, mo jẹ ẹyin lónìí," tàbí kó dákẹ́ kó máa mí sínú fóònù. Èémí yẹn ni mo fi ń gbé oṣù náà lọ.

Oṣù kẹwàá mi ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Òwúrọ̀ Mọ́ńdè kan, lẹ́tà yèyé mi dé kí n tó jáde. Túndé ló bá a kọ ọ́. Ó ní ara Mojí gbóná díẹ̀, kí n má ṣe ronú, Ọlọ́run wà. Díẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn lórí kẹ̀kẹ́, mo ka á nínú yàrá aago. Mo gbọ́ rédíò tó lù, mo yí ohun tó yẹ kí n yí, mo kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n Ìgèdè ni mo wà.

Ní Túsídè, ìró ìràwọ̀ kẹrin yọ lórí bébà ṣáájú ibi tó yẹ kó ti yọ. Kò ju ìbú èékánná ìka mi kékeré lọ. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo lọ pe Ọ̀gbẹ́ni Bẹ́nẹ́tì.

Bẹ́nẹ́tì ló ń bójú tó gbogbo ẹ̀rọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé ó ti wà níbẹ̀ kí gbogbo wa tó dé, ó sì ti rí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó wá tí wọ́n sì lọ. Ó tẹ̀ sórí bébà náà.

"Ta ló yẹ aago wò lánàá?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dá ọ lójú pé o yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?"

"Ó dá mi lójú." Kò dá mi lójú.

Ó ní, "Ìràwọ̀ yìí kì í yára. Fífalẹ̀ ló ń falẹ̀. Bó bá ṣáájú, aago ló ń fà sẹ́yìn. Bí aago bá sì ti ń fà sẹ́yìn láti àná, gbogbo ohun tí gbogbo wa kọ nínú ilé yìí láti àná ti bàjẹ́ nìyẹn." Ó nàró. "Jẹ́ ká wo ti ọ̀la. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, Dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́."

Dókítà Wéstì ni olórí wa. Òun ló fọwọ́ sí ìwé tó mú mi wá sí ìlú wọn, bó bá sì fọwọ́ sí òmíràn, mo ti padà sílé nìyẹn.

Ní Wẹ́sídè, mo yẹ aago wò fún ìdajì wákàtí. Ó bá rédíò mu. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ojú mi ni kò ríran dáadáa, ṣé ojú kan náà kọ́ ni mo tún fi ń yẹ̀ ẹ́ wò? Nígbà tí ìràwọ̀ kẹrin kọjá, ó tún ṣáájú, ó sì fi ìlọ́po méjì ti àná ṣáájú, bí ẹni pé mò ń ba aago náà jẹ́ sí i lójoojúmọ́.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Bẹ́nẹ́tì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wo ilẹ̀kùn. Mo mú bírò, mo wo ìgbà tó yẹ kí ìró náà dé, mo sì kọ ọ́ sí ibi tó yẹ kí n kọ ìgbà tó dé gan-an. Mo ká bébà ẹ̀rọ náà, mo tì í sí ìsàlẹ̀ dírọ́ọ̀ mi, mo da aṣọ òtútù mi bò ó.

Bẹ́nẹ́tì yọjú. "Báwo ni?"

"Ó ti padà sípò, sà."

"Mo ti mọ̀ pé yóò padà," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bó ṣe yá tó nìyẹn. Èmi tí mo ti na ọmọ ìwé rí nítorí ó jí ìdáhùn ìṣirò wò.

Mo tún ṣe é ní Tọ́sídè. Mo ṣe é ní Fúráídè. Ìró náà ń ṣáájú sí i lójoojúmọ́, irọ́ tèmi náà sì ní láti máa gùn tẹ̀lé e. N kò lè jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ mi, màá yára ti dírọ́ọ̀ mi. Mísíìsì Dọ́dì kọ bébà pélébé kan sí mi pé ṣé ara mi kò yá ni, nítorí ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí òun kò ti gbọ́ òórùn ọbẹ̀ mi. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo di bébà náà mú. Ojú ń tì mí pé inúure ẹni tí mo bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ pa mí lẹ́kún.

Ọ̀sẹ̀ náà ló parí sí Sátidé tí mo ń pe ilé. Mo dúró nínú àpótí fóònù láti aago mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n so wá pọ̀ tán, Túndé ló kọ́kọ́ kí mi, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ yèyé mi tó ń pariwo bí ẹni tó dúró lórí òkè kan tó ń pe ẹni tó wà lórí òkè kejì.

"Ọmọ mi! Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun? Uṣẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ wà, Yèyé. Mojí ńkọ́? Ẹ gbé fóònù sí i létí."

Ohùn wa máa ń pẹ́ lórí wáyà kó tó dé, nítorí náà mo dúró. Mo dúró ju bó ti yẹ lọ.

"Ó ń sùn."

"Lọ́sàn-án gangan? Níbo ló sùn sí nínú póòsítọ́fíìsì?"

"Ulé ló wà. A fi í sílẹ̀ lúlé."

"Ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀, Yèyé?"

Mo gbọ́ tí wọ́n ń fa fóònù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Túndé ni ohùn rẹ̀ padà wá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ọsibítù ni Mojí wà. Ọjọ́ kọkànlá rẹ̀ nìyí. Ibà náà le, gìrì sì mú un. Wọ́n ti fa omi sí i lára, ó ti ń jókòó báyìí, ó mu ògì láàárọ̀ yìí. Ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì ló jókòó tì í kí Yèyé lè wá."

N kò mọ ìgbà tí mo fi ọwọ́ gbá gíláàsì àpótí fóònù náà. "Ẹ kọ̀wé sí mi pé ara rẹ̀ gbóná díẹ̀!"

Yèyé mi ti gba fóònù padà. Kò pariwo mọ́. "Kí ni kí n kọ? Kí n kọ ọ́ pé ọmọ rẹ gan paali lórí itan mi? Kí o máa sunkún níbẹ̀, láìsí ẹni tí yóò dì ọ́ mú? Ẹ̀rù bà mí nítorí rẹ ni."

"Ẹ̀rù bà yín ni ẹ fi purọ́ fún mi?"

N kò gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ sókè sí yèyé mi rí láyé mi. Kí ó tó lè dáhùn, nǹkan kan ta pá lórí wáyà, ohùn tèmi sì padà wá bá mi létí láti Adó, tínrín, bí ohùn ẹlòmíràn: *ẹ̀rù bà yín ni ẹ fi purọ́ fún mi?* Lẹ́yìn náà, fóònù kú.

Mo tún pè. Obìnrin tó ń so fóònù pọ̀ ní ọ̀nà Nàìjíríà ti kún, kí n gbìyànjú ní Mọ́ńdè. Mo dúró nínú àpótí náà títí ẹnì kan fi kan gíláàsì pé òun náà fẹ́ lò ó.

Ìjìnnà sí ilé ni mo kọ́kọ́ rò pé ó ń dẹ́rù bà mí, àfi lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn tí mo jókòó ti ara mi, tí mo rí i pé ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé n kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́ nínú ohun tí wọ́n bá sọ fún mi. Ṣé lóòótọ́ ni Mojí mu ògì? Àbí ìyẹn náà jẹ́ ara ohun tí ènìyàn ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn òkun? Gbogbo ohun tí mo ní nípa ọmọ mi ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó fẹ́ràn mi, wọ́n sì ti fi ìfẹ́ yí i padà. Mo ronú kan ìwé aláwọ̀ ewé náà. Ẹnì kan wà níbì kan tí yóò kà á, tí yóò gbà á gbọ́, tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti mọ̀.

Ní Mọ́ńdè, mo kó bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde nínú dírọ́ọ̀, mo kan ilẹ̀kùn Dókítà Wéstì. Mo fi ọwọ́ di àga mú kí n tó jókòó.

Mo ní, "Sà, mo ti ń kọ irọ́ sínú ìwé láti Wẹ́sídè. Ìràwọ̀ kẹrin ń ṣáájú. Mo rò pé èmi ni mo ba aago jẹ́. Mo bẹ̀rù pé ẹ máa ní kí n máa lọ sílé."

Ó wò mí pẹ́. Ọkùnrin gíga ni, tí irun rẹ̀ ti ń funfun, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Mo ṣì lè sọ bẹ́ẹ̀." Ó gba àwọn bébà náà, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì ní ìtẹ̀léra. Ojú rẹ̀ kò kúrò lórí wọn mọ́. Ó gbé fóònù, ó pe yunifásítì, ó ní kí wọ́n ṣe ìṣirò àwọn ìràwọ̀ yòókù ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kíákíá, kí wọ́n pè é padà. Ó ránṣẹ́ pe Bẹ́nẹ́tì.

A dúró fún wákàtí méjì. Kò sẹ́ni tó ní kí n jáde. Bẹ́nẹ́tì yẹ aago wò fúnra rẹ̀, ó padà wá, ó dúró lẹ́bàá fèrèsé. Mo ń ronú bí màá ṣe wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Adó, ibi tí màá jókòó sí, ẹni tí yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé ọdún mẹ́ta ti pé ni?"

Fóònù dún. Dókítà kọ nọ́ńbà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n wé tiwa, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Gbogbo àwọn yòókù dé lásìkò," ló wí. "Aago kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Bó bá jẹ́ aago ló bàjẹ́, gbogbo wọn ni ìbá ṣáájú." Ó wojú mi. "Aago kò bàjẹ́. Kò sí ohun tí o ṣì ṣe ní Mọ́ńdè. Ìràwọ̀ náà ló fò síwájú."

Bẹ́nẹ́tì yọ awò ojú rẹ̀. "Kẹrin kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

"Rárá," ni Dókítà wí. "Àwọn mélòó kan nínú irú rẹ̀ ti ṣe é rí. Kẹrin kò ṣe é rí."

Ó ṣàlàyé fún mi, kì í ṣe pẹ̀lú inúure, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé. Ó ní òde irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ le ju àpáta lọ, inú rẹ̀ sì ń ṣàn. Òde ń falẹ̀ lọ́dọọdún, inú kò bá a falẹ̀. Ó wá di ọjọ́ kan, inú á gbá òde mú, á sì tì í síwájú lójijì. "Bí a ṣe rò ó nìyẹn," ló wí. "A kò mọ̀."

Kò múnú mi dùn. Ó yẹ kó múnú mi dùn, ṣùgbọ́n ohun tí mo rò ni pé ohun kan ṣoṣo tí mo fọkàn tẹ̀ ní ilẹ̀ yìí náà ń bá ara rẹ̀ jà nínú, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ọjọ́ tí yóò ta.

Lẹ́yìn náà ni ìbínú rẹ̀ wá dé. Ó fi ọwọ́ lé àwọn bébà náà. "Ká ní o ti ya àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Ọjọ́ mélòó kan tó tẹ̀lé fífò yìí ló ṣe pàtàkì jù, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó ń wo ìràwọ̀ yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwọ nìkan ni. Ìràwọ̀ náà kò ní tún un ṣe nítorí pé ẹ̀rù bà ọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo sọ fún un pé ọmọ mi wà ní ọsibítù, pé wọ́n fi pa mọ́ fún mi, pé n kò mọ bó ṣe wà lónìí. N kò fi ṣe àwáwí. Ó kàn jáde lẹ́nu mi. Bẹ́nẹ́tì kúrò nínú yàrá náà, mo sì rò pé ojú mi ló sá fún, àfi bó ṣe padà tòun ti ife tíì kan, tó gbé e síwájú mi. Dókítà ti fóònù tábìlì rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. "Pe ilé."

Ọ̀nà kò là. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, tẹligíráàmù Túndé dé: Mojí ti kúrò lọ́sibítù. Yèyé ní kí ẹ jẹun. Mo kà á títí bébà náà fi rọ̀. Mo gbà á gbọ́, nítorí Túndé ló sọ òtítọ́ fún mi nínú fóònù nígbà tí kò rọrùn láti sọ ọ́.

Ní Fúráídè, Dókítà Wéstì pè mí. Ó ní kí n dúró sẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́nẹ́tì ni yóò máa yẹ aago wò fún oṣù mẹ́ta, èmi yóò máa wò bó ṣe ń ṣe é. Orúkọ mi kò ní sí nínú ohun tí wọ́n máa tẹ̀ jáde nípa ìràwọ̀ kẹrin. Ó ṣí ìwé aláwọ̀ ewé náà síwájú mi, ó ní kí n kọ ìgbà tí ìró náà dé gan-an sí abẹ́ irọ́ kọ̀ọ̀kan, kí n kọ ìdí tí mo fi yí i padà, kí n sì fọwọ́ sí i. "Má ṣe pa ti àkọ́kọ́ rẹ́," ló wí. "Jẹ́ kí wọ́n rí méjèèjì."

Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: *Èmi ni mo yí èyí padà. Ẹ̀rù bà mí.* Mo fi orúkọ mi sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá kà á yóò rí méjèèjì.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí léèrè ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìlú yẹn bí ibi tí mo lè gbé. Wọ́n máa ń retí pé màá dárúkọ ọ̀rẹ́ kan, tàbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan tí oòrùn dára. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn mi sí i. Bẹ́nẹ́tì kò fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé mi mọ́ títí mo fi lọ, ó sì jàre. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mò ń fi pa mọ́ fún wọn mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè gbé ojú sókè bí mo bá ń wọlé. Ẹ̀rù náà kò lọ. Mo kàn mọ bí ó ṣe tóbi tó.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀lé e, gbogbo wọn wà ní póòsítọ́fíìsì. Mo kọ́kọ́ bẹ yèyé mi pé kó forí jì mí fún ohùn tí mo gbé sókè sí i. Ó ní, "Èmi náà, ọmọ mi, n kò ní fi nǹkan pa mọ́ fún ọ mọ́," ó sì gbé fóònù sí Mojí létí.

Ó mí sínú fóònù fún ìgbà díẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti tínrín.

"Màámi."

"Ọmọ mi. Màámi rèé."

"Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́."

"Mo gbọ́. Ṣé ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìyá ń sọ ti wà lẹ́nu mi, pé ó kù díẹ̀, pé kí ó máa jẹun dáadáa, pé bó bá sùn tó jí yóò rí mi. Mo ti ń rí i lọ́kàn mi bí yóò ṣe rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ ọ́. Mo fi iwájú orí mi ti gíláàsì tútù náà.

Mo ní, "Ó ku ọdún méjì àti oṣù kan, Mojí."

Ọ̀rọ̀ náà rìn lọ. Mo dúró, mo ń retí ẹkún.

"Ó pọ̀, Màámi," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Ó pọ̀."

Kò sunkún. Ó bi mí pé kí ni mo jẹ láàárọ̀, mo sì sọ fún un.